Wọ́n ní Ààrẹ «nominate» rẹ̀: ṣé ó ti dépò àbí kò tíì débẹ̀?

Rédíò Nàìjíríà ń wọlé dáadáa ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bìnì. Bí wọ́n bá ti ní Ààrẹ «nominate» ẹnì kan, àwa tá a kàwé ní Faransé á ti máa kí àwọn ẹbí rẹ̀ kú oríire. Tó bá yá, a tún gbọ́ pé ilé aṣòfin ò gbà á wọlé. Ìbéèrè yín rèé.

Kí ni «nominate»?

Kí wọ́n fa èèyàn kalẹ̀ fún ipò.

Kí ló dé tó fi dà bíi «nommer» ti Faransé?

Látìnì ló bí àwọn méjèèjì. «Nomen» ni orúkọ, «nominare» ni kí a dárúkọ. Àmọ́ ẹni tí ìjọba bá «nommer» ní Faransé ti jókòó sórí àga. Ẹni tí wọ́n «nominate» lọ́hùn-ún ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ìdílé tí oyè kàn lè fa ọmọ oyè kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kí i ní Kábíyèsí títí wọ́n á fi fi jẹ Alákétu.

Ṣé wọ́n máa ń kọ̀ wọ́n lóòótọ́?

Ní 2023, Bola Tinubu fi orúkọ èèyàn 48 ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin àgbà láti fi wọ́n ṣe mínísítà. Wọ́n fọwọ́ sí 45. Nasir El-Rufai, gómìnà Kàdúná tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn 3 tó kù. Ẹni tó bá ti pa ewúrẹ́ nítorí wọn, ó ti jẹ ẹran lásán.

Bí aṣòfin bá dákẹ́ ńkọ́?

Bí ọjọ́ iṣẹ́ 21 bá kọjá láìsí èsì, òfin Nàìjíríà ní ó ti dépò nìyẹn.

Ní Bìnì ńkọ́?

Ààrẹ ló ń yan mínísítà. Ó máa ń gba ìmọ̀ràn àwọn aṣáájú ilé aṣòfin ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ò di dandan.

Mò ń wáṣẹ́ l'Ékòó. Báwo ni kí n ṣe kọ ipò tí wọ́n yàn mí sí?

«Appointed» ni kẹ́ ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ «nominated», wọ́n á bi yín pé ta ló wá gba ipò ọ̀hún mọ́ yín lọ́wọ́.

Wọ́n ní wọ́n ti «nominate» mi fún àmì ẹ̀yẹ lórí WhatsApp, kí n wá sanwó fọ́ọ̀mù.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló dárúkọ yín.