Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Tọ́jú Alùpùpù Ìje Láì Tún Un Kùn

Bí ẹ bá gbé alùpùpù àtijọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Mushin, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fín in ní ọ̀dà, á dà bíi tuntun." Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, tí irin rẹ̀ ti ń dípẹtà, ni àwọn kan ń fi owó gọbọi wá kiri lókè òkun, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀dà tuntun kàn án. Alùpùpù motocross ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje nínú ẹrẹ̀ àti lórí gegele.

Ní Camberley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni irú ìje yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1924. Arthur Sparks ló gbégbá orókè. Ó di 1957 kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìdíje àgbáyé, Bill Nilsson, ọmọ Sweden, ló sì kọ́kọ́ gbà á.

Ọdún 1973 gan-an ló bí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣáájú ìgbà náà, ṣọ́ọ̀kì méjì ló máa ń wà lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Bí táyà bá já sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún ló ń jìyà rẹ̀. Ará Belgium kan, Lucien Tilkens, ló gbé ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó gùn kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú lábẹ́ ìjókòó àti táǹkì. Yamaha gba ọgbọ́n náà, Håkan Andersson sì fi gba ìdíje àgbáyé ti 250cc (ìwọ̀n ẹ́ńjìnì) lọ́dún náà. Ọdún yẹn kan náà ni Honda gbé CR250M, tí wọ́n ń pè ní Elsinore, jáde pẹ̀lú táǹkì alumíníọ̀mù rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì méjì ló ní. Láàárín ọdún díẹ̀, kò lè bá ẹgbẹ́ sáré mọ́. Wọ́n tì í sẹ́yìn ilé, òun àti àwọn ojúgbà rẹ̀. Ta ló fẹ́ náwó ọ̀dà sórí ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá? Àìbìkítà yẹn gan-an ló kó wọn yọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ tí kò rówó rà á nígbà náà dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú wọn jáde. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ tún un kùn títí ó fi ń dán ju bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde lọ, ẹ̀rí ìje tó ti sá sì pa rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èyí tí wọn kò tíì tún kùn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé lára irú rẹ̀: bàtà ti ha ọ̀dà férémù títí irin fi hàn. Orúnkún ti nu lẹ́tà ara táǹkì. Nọ́ńbà ìje èṣí wà lábẹ́ ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún bóòtù (bolt) kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá fẹ́ tún òmíràn ṣe bó ṣe yẹ ti máa wò ó. Bí ọ̀dà bá gorí rẹ̀, ó parí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá l'Ékòó. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbà ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ́ túútúú. Ó ń dùn mí bí mo bá rí Honda tàbí Vespa àwọn bàbá wa ní Ebute Metta, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ní pupa, tí wọ́n ti yọ nọ́ńbà LA àtijọ́ rẹ̀ sọnù. Bí ti bàbá yín bá wà nílé, ẹ gbé e kúrò lójú òjò, ẹ da epo inú táǹkì rẹ̀ nù kó má baà dí kabúrétọ̀, ẹ fi ọ́ìlì nu irin rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú pépà rẹ̀.