Bí Àlọ́ Iwin Ṣe Di Ìtàn Òkùnkùn ní Ilẹ̀ Faransé

Inú kóòtù ni Alphonse Daudet, òǹkọ̀wé Faransé, gbé ìtàn rẹ̀ «Les Fées de France» sí. Paris ti jóná, ìjọba Commune, tí àwọn ará Paris tó ṣọ̀tẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1871, ti ṣubú, wọ́n sì ń ṣẹjọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ní wọ́n fi epo sun ilé. Arúgbó kan tó wọ àkísà bọ́ síwájú adájọ́. Wọ́n bi í léèrè orúkọ, ó ní Mélusine, orúkọ iwin inú ìtàn àtijọ́ Faransé. Wọ́n bi í níṣẹ́, ó ní iwin lòun. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rò fún wọn bí ayé ṣe lé àwọn iwin kúrò nílẹ̀: ọkọ̀ ojú irin dé, wọ́n fa omi adágún gbẹ, àwọn èèyàn kò sì gba iwin gbọ́ mọ́. Nígbà tí ogun Prussia, ìjọba kan ní Jámánì, wọlé, kò sí iwin kankan tó lè ran Faransé lọ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ lòun dáná sun Paris, torí Paris ló fi àwọn ṣẹ̀sín pa.

Ọdún 1873 ni ìtàn yìí wọ inú ìwé Daudet, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Faransé pàdánù ogun àti ilẹ̀ Alsace. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé Faransé mìíràn sọ àlọ́ iwin di ìtàn òkùnkùn fún àgbàlagbà. Lójú tèmi, inú àdánù yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà: ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé àwọn òǹkọ̀wé yìí ló da òkùnkùn sínú àlọ́ ọmọdé, ẹ má gbà á gbọ́. Nínú ìwé àlọ́ tí Charles Perrault, ará Faransé, gbé jáde ní 1697, ìkookò jẹ ọmọbìnrin onífìlà pupa tán, ìtàn sì parí síbẹ̀. Ọdẹ tó yọ ọ́ jáde nínú ikùn ẹranko náà, ọ̀dọ̀ àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kó àlọ́ jọ ní Jámánì, ló ti wá, ní 1812. Nínú ìwé Perrault kan náà, arẹwà tó sun ọgọ́rùn-ún ọdún jí, ó lọ́kọ, ó bímọ méjì, ni ìyá ọkọ rẹ̀, ajẹ̀nìyàn, bá ní kí alásè se àwọn ọmọ náà fún òun jẹ. Òkùnkùn ti wà ńbẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀san ni Perrault fi bò ó: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni rere a máa là, ewì kúkúrú a sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ níparí. Ẹ̀san yẹn ni àwọn tó dé lẹ́yìn Daudet mú kúrò.

Ìwé ìròyìn ló fún wọn láyè. Òfin July 1881 tú àwọn oníròyìn sílẹ̀. Gil Blas ti wà láti 1879, L'Écho de Paris sì dé ní 1884. Ìtàn kúkúrú fún àgbàlagbà ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́, àlọ́ sì bá iṣẹ́ náà mu gan-an: kò sẹ́ni tó nílò àlàyé nípa ìkookò, nítorí náà òǹkọ̀wé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti fẹ́ yí i padà. Ní 1886 ni Anatole Baju dá ìwé ìròyìn Le Décadent, ìyẹn «ẹni tó ń jó rẹ̀yìn», sílẹ̀, orúkọ yẹn sì mọ́ wọn lára.

Catulle Mendès, ọmọ Bordeaux, ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Nínú «La Belle au bois rêvant», ọmọ ọba dé, arẹwà náà jí. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní kí ló mú wá fún òun? Ọmọ ọba ka ọrọ̀, ó ka ìfẹ́. Gbogbo rẹ̀ pátá, ọmọbìnrin náà ti ní èyí tó dára jù ú lọ lójú àlá. Ó padà sùn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ n kò mọ ìtàn mìíràn tó gé àlọ́ àtijọ́ nípìlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ Jean Lorrain ní tiẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1902, ọmọbìnrin ọba kan, Audovère, ń gbé nílé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn. Gbogbo òdòdó tó bá já nínú ọgbà, ẹ̀mí ọ̀tá bàbá rẹ̀ kan ló ń bá a lọ lójú ogun. Àárín òdòdó lílì tó ti pupa ni wọ́n ti bá òkú Audovère.

Onírùngbọ̀n Búlúù, ọkọ apàyàwó inú ìwé Perrault, kò sinmi lọ́wọ́ wọn. Henri de Régnier ní aṣọ àwọn ìyàwó ló ń fẹ́ tó fi ń pa wọ́n, nítorí náà ìyàwó kẹfà, ọmọ darandaran, wá sí ṣọ́ọ̀ṣì níhòòhò. Ní 1909 Anatole France ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àwọn obìnrin ló jẹ ẹ́ run.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló jogún wọn. Angela Carter túmọ̀ Perrault ní 1977, ó sì gbé The Bloody Chamber tirẹ̀ jáde ní 1979. Nínú yàrá ìwé ọkọ apàyàwó ibẹ̀, Là-bas ti Huysmans, òǹkọ̀wé Faransé, wà lára ohun tí ìyàwó rí, ìwé 1891 tó sọ̀rọ̀ nípa Gilles de Rais, apànìyàn tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni Onírùngbọ̀n Búlúù gan-an. Ní ti Perrault, àwọn arákùnrin ìyàwó ló wá gbà á sílẹ̀. Ní ti Carter, ìyá rẹ̀ ló gun ẹṣin dé, ó sì yìnbọn pa ọkọ náà.