Bí Iléeṣẹ́ Amóhùnmáwòrán Ṣe Dé Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò jẹ́ kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fèsì sí lórí rédíò ló bí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dá a lábàá nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò gbà. Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, bínú jáde nílé ìgbìmọ̀. Gómìnà Macpherson wá lọ sórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun sọ tẹnu òun. Wọ́n kọ̀.

Awólọ́wọ̀ ti ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, torí òun ló dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949. Àmọ́ kí ni ìwé ìròyìn fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò mọ̀wé kà? Òfin sì fi iṣẹ́ rédíò sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìgbà tí òfin orílẹ̀-èdè yí padà ní 1954 ni àwọn ẹkùn tó láṣẹ láti dá tiwọn sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò fi ìbínú nìkan ṣe é. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ rọ́ wọ iléèwé, olùkọ́ kò tó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ ń darí, ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yóò ran olùkọ́ lọ́wọ́. Owó kòkó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò sí nílé, ni wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Overseas Rediffusion láti ìlú Òyìnbó. Enahoro, ẹni tí àbá rẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ti di mínísítà nígbà náà, ó sì wà lára àwọn tó bójú tó iṣẹ́ náà.

Ará Ìbàdàn ti mọ asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Àwòrán tó ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹni ni wọn kò tíì rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, iléeṣẹ́ náà, WNTV (Western Nigeria Television), bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi. Anike Agbaje-Williams ni obìnrin tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn.

Wọ́n pe ara wọn ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ká sòótọ́, àwọn aládàáni kan ti ṣe é ní Mòrókò ní 1954, kó tó kógbá sílé. Àwọn Faransé náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Àlùjíríà ní 1956. Lójú tèmi, iyì ti Ìbàdàn wà níbòmíràn: ìjọba tí àwọn aláwọ̀ dúdú fìbò yàn ló pinnu rẹ̀, òun ló nawó sí i, nígbà tí Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀lé e: Ìlà-Oòrùn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Àríwá àti Èkó ní 1962.

Ìlérí iléèwé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Alájọṣe wọn ń wá èrè, fíìmù ilẹ̀ òkèèrè sì gba àkókò púpọ̀. Àwọn eléré tíátà wa ló dá ẹwà Yorùbá sí i lára, àwọn bíi Dúró Ládípọ̀ àti Moses Ọláìyá pẹ̀lú Aláwàdà rẹ̀.

Kò tó oṣù méjì tí WNTV ṣí tí Awólọ́wọ̀ fi gbé ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, tó lọ sílé aṣòfin àpapọ̀. Akíntọ́lá bọ́ sípò. Nígbà tí yóò fi di ìdìbò 1965, àwọn alátakò kò ráyè lórí ẹ̀rọ tí a tìtorí àìráyè kọ́ yìí. Èyí dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, ẹnìkan tó gbé ìbọn dání wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ n'Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá kúrò, kí wọ́n fi téèpù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀.

Ṣójà gbàjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Ní 1977, òfin ìjọba ológun kó gbogbo iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán sábẹ́ NTA, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba àpapọ̀, ti Ìbàdàn náà sì bá wọn lọ.