Aṣàwárí infrared fún ìmọ̀ òfuurufú

Aṣàwárí infrared ni ẹ̀rọ tó ń sọ ìtànṣán infrared di iná mànàmáná kí a lè kà á. Ojú ènìyàn kì í rí ìtànṣán yìí. William Herschel ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1800: ó fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀, ó gbé tẹmómítà sí ẹ̀yìn ibi tí pupa parí sí, ó sì rí i pé ooru ṣì wà níbẹ̀. Oru omi inú afẹ́fẹ́ ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra kó tó dé ilẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé aṣàwárí lọ sí òfuurufú.

Èròjà àti òtútù

Èròjà ló ń pinnu bí ìgbì ìtànṣán tí aṣàwárí lè rí ṣe gùn tó. Sílíkọ́nì, irú èyí tó wà nínú kámẹ́rà fóònù, kò rí ìgbì tó gùn ju nǹkan bíi máíkírómítà 1.1 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Fún ìtànṣán tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mercury cadmium telluride ni wọ́n sábà máa ń lò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn rẹ̀ ti jáde ní 1959. Bí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ju kádímíọ̀mù lọ ni ìtànṣán tó lè rí ṣe ń gùn sí i. Lórí James Webb, awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ láti òfuurufú, tó gbéra ní 25 Oṣù Kejìlá 2021, pátákó èròjà yìí kọ̀ọ̀kan ní ojú tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀ (pixel) 2048 ní ìbú, 2048 ní òró. Kókó indium tíntìntín ló so ojú kọ̀ọ̀kan mọ́ sílíkọ́nì tó ń ka ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó kó jọ.

Òtútù ni iṣẹ́ tó le jù. Ooru ara aṣàwárí fúnra rẹ̀ ń tú ẹ̀lẹ́ktrọ́nù sílẹ̀, kò sì sí àmì tí a fi lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ìràwọ̀ mú wá. Ìbòòrùn awẹ́ márùn-ún ló ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú irinṣẹ́ Webb tutù dé nǹkan bíi Kelvin 40, ìyẹn -233 °C. MIRI, ọ̀kan lára irinṣẹ́ Webb, tó ń rí ìgbì tó gùn dé máíkírómítà 28, ń lo sílíkọ́nì tí wọ́n fi arsenic díẹ̀ sí. Ìbòòrùn nìkan kò tó o. Ẹ̀rọ amútutù ló ń mú un lọ sísàlẹ̀ Kelvin 7.

Ní Nàìjíríà

NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfuurufú, wà ní Lugbe, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Abuja. Sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gbéra ní 27 Oṣù Kẹsàn-án 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X sì tẹ̀ lé e ní 17 Oṣù Kẹjọ 2011. Infrared wà lára ohun tí wọ́n ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti máa yà, àmọ́ èyí tó sún mọ́ pupa ni, kì í ṣe ooru ilẹ̀. Ewé tútù ń gba pupa mọ́ra, ó sì ń dá infrared yìí padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń fi ibi tí ewéko ti ń tán hàn, ìmọ̀ tó wúlò gan-an fún ìpínlẹ̀ bíi Sokoto àti Yobe tí aṣálẹ̀ ń ya wọ̀. Sílíkọ́nì tó fún èyí, kò sì nílò òtútù líle. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ooru ilẹ̀ gan-an láti òkè yóò nílò ìtànṣán tó tó nǹkan bíi máíkírómítà 10, sílíkọ́nì lásán kò sì rí i.