Bí Nọ́ńbà "Ẹ Gbà Mí" Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Lálẹ́ àná, òjò dọwọ́ bolẹ̀ ní Lágere, wọ́n múná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá a lọ. Ohun tó kù lójú fóònù mi kò ju Emergency calls only lọ, ìyẹn ìpè pàjáwìrì nìkan. Ọ̀pọ̀ wa nílé Ifẹ̀ níbí rò pé fóònù ti kú nìyẹn. Kò kú o. Òpó ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù rẹ ni kò dáhùn, àmọ́ òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn wà nítòsí tó lè bá ọ gbé ìpè bó o bá tẹ 112, nọ́ńbà tá a fi ń pe fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì.

Ilé tó jó ló bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1935, ilé dókítà kan jó ní Wimpole Street, Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì bá a lọ. Aládùúgbò kan ti pe panápaná, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń so ìpè pọ̀ ni ìpè rẹ̀ há sí, ó ń tò sẹ́yìn àwọn tó kàn fẹ́ kí ara wọn. Inú bí i, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times. Nígbà tó di 30 oṣù kẹfà 1937, 999 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ìpè náà bá wọlé, aago á han gooro, iná pupa á tàn, kí òṣìṣẹ́ lè fi gbogbo ìpè yòókù sílẹ̀ ná.

Kí ló dé tí wọn ò mú 111, tó yá jù? Yíyí ni wọ́n ń yí fóònù ayé ìgbà yẹn. Bó o bá yí 1, iná inú wáyà á já lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá yí 9, á já lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Wáyà méjì tí afẹ́fẹ́ gbá lura lórí òpó lè ṣe bí ẹni ń pe 111. Ti 999 le fún afẹ́fẹ́.

Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ 911 ní Haleyville, Alabama, ní 1968. Yúróòpù fẹnu kò sórí 112 ní 1991. Àwọn tó ṣe GSM sì kọ́ fóònù fúnra rẹ̀ láti dá nọ́ńbà yìí mọ̀, nítorí náà nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, 112 wà nínú ẹrù rẹ̀. NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, wá sọ ọ́ di nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àmọ́ òpó tá a fẹ́ yá lò gbọ́dọ̀ níná. Bátìrì àti dísù jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e ró. Bó bá sì jẹ́ wáyà fáíbà kan náà ni ilé-iṣẹ́ mẹ́ta jọ ń lò, tí katakata tó ń ṣe ọ̀nà bá gé e, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dákẹ́ pọ̀.

Ó ti lé ní agogo mẹ́wàá kí n tó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ abẹ́ òpó ọ̀ọ́kán wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú. Ìyá mi ló kọ́kọ́ pè, láti Iléṣà: "Ṣé òjò ọ̀hún ò ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ yín?"