Máàpù radon ò mọ ilé téèyàn ń gbé

Gáàsì ni radon, kò láwọ̀, kò ní òórùn, torí ẹ̀ lèèyàn ṣe lè máa mí i símú fún ọ̀pọ̀ ọdún láì fura rárá. Inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Uranium, irú mẹ́táàlì kan tó ń ta ìtànṣán, wà nínú òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ káàkiri ayé, níbì kan díẹ̀, níbòmíì ó pọ̀ gan-an, ó wá máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di radium, radium náà á di radon, gáàsì yìí á sì máa yọ́ gba àárín iyẹ̀pẹ̀ jáde. Tó bá bọ́ síta gbangba atẹ́gùn á tú u ká, kò sí wàhálà. Inú ilé lọ̀rọ̀ wà.

Ilé fúnra ẹ̀ ló ń fà á wọlé. Tí inú ilé bá móoru ju ìta lọ, afẹ́fẹ́ tó gbóná á gòkè, á gba òkè jáde, bó ṣe ń jáde ni tabẹ́ ilẹ̀ á máa wọlé dípò ẹ̀, á gba ojú ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán, ìdí páìpù, ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń pọ̀ sí i nígbà òtútù tí wọ́n bá ti gbogbo wíńdò pa, tó sì máa ń pọ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ ju tòkè lọ.

Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3.8, ìdajì radon á ti yí padà di nǹkan míì, ohun tó ń dà yẹn ló tún wá burú jù: polonium, tó ń lẹ̀ mọ́ eruku, téèyàn bá mí i sínú á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, á máa ta ìtànṣán sí ibẹ̀. Tá a bá yọ sìgá kúrò, kò sóhun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó radon. Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé nǹkan bí 21,000 èèyàn ló ń kú lọ́dún nítorí ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá wá ń mu sìgá nínú ilé tí radon pọ̀ sí, ewu tiẹ̀ ga gan-an ni.

Ó wá kan máàpù, ìyẹn èyí tó ń fi ibi tí radon ṣeé ṣe kó pọ̀ sí hàn. Ní 1993 EPA pín Amẹ́ríkà sí sóònù mẹ́ta, county (bí ìjọba ìbílẹ̀) kan sí ìkejì: sóònù 1 ni ibi tí wọ́n rò pé ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ilé á ju picocurie 4 lọ nínú lítà afẹ́fẹ́ kan (ìyẹn 148 Bq/m³, becquerel nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan; méjèèjì ni wọ́n fi ń wọn radon), sóònù 2 wà láàárín 2 sí 4, sóònù 3 ò tó 2. Ti Britain ò rí bẹ́ẹ̀, òun ń sọ iye ilé nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣeé ṣe kó kọjá 200 Bq/m³ ládùúgbò kan, ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ti tó kí wọ́n pe ibẹ̀ ní àdúgbò tọ́rọ̀ kàn, Cornwall àti Devon ní England sì wà lára ibi tó le jù.

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí èyí tó sọ iye tó wà nínú ilé ẹnì kankan nínú méjèèjì. Àdúgbò ni wọ́n ń sọ. Ilé méjì lè fara kanra kí ọ̀kan pọ̀ kí èkejì má pọ̀, torí ìpìlẹ̀ wọn, ibi tó sán àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé jáde ò dọ́gba. Ẹni tó bá rí i pé sóònù 3 lòun wà tó wá fọkàn balẹ̀ ti ṣi máàpù kà, EPA gan-an ní kí gbogbo ilé ṣe tẹ́ẹ̀sì, sóònù yòówù kó jẹ́. Àwọn tó ń ṣòfin ilé kíkọ́ ni máàpù wúlò fún jù.

Tẹ́ẹ̀sì ọ̀hún ò le. Ohun kékeré kan tó ń wọn radon ni wọ́n máa ń gbé sí yàrá ìsàlẹ̀ táwọn èèyàn ń lò, àwọn kan ọjọ́ méjì sí méje, àwọn míì oṣù mẹ́ta, tó bá ṣeé ṣe ẹ ṣe èyí tó pẹ́ torí radon máa ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ojú ọjọ́. Àjọ WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, ní 100 Bq/m³ ló dáa ká má kọjá, tíyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó má ju 300 lọ.

Tó bá pọ̀ jù, kò di dandan kéèyàn kó kúrò nílé o. Wọ́n á ki páìpù bọ abẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á fi fáànù sí i, á máa fa gáàsì náà jáde gba òkè òrùlé kó tó ráyè wọlé. Dídí ojú ibi tó sán nìkan kì í sábà tó. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á tún tẹ́ẹ̀sì ṣe, láti mọ̀ bóyá ó ti wálẹ̀ lóòótọ́.