Bí sójà ṣe ń di aráàlú padà: láti Òṣòdì dé Iléṣà

Ètò tí wọ́n fi ń dá sójà padà sáàárín aráàlú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó bọ́ káàkí. Bí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí NAFRC, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn ológun tó wà ní Òṣòdì, l'Ékòó, kó lọ fi oṣù 6 kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe jẹun. Ibùdó náà ti pẹ́. Àwọn ọmọ ogun tó ń ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀, tó fi mọ́ àwọn tó jà ní Bọ́mà, ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Adìyẹ àti ẹja sísìn wà níbẹ̀, aṣọ rírán wà, iṣẹ́ wẹ́dà, oúnjẹ sísè àti kọ̀ǹpútà náà wà.

Òṣòdì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, Iléṣà ni ẹni tó ń bọ̀ nílé yóò ti máa ṣe é, nítorí náà ọjà Iléṣà ló yẹ kó wò kó tó yan iṣẹ́. Adìyẹ ẹlẹ́ran ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó tó tà. Èyí tó ń yé ẹyin á jẹun bí oṣù 5 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Kòkó, tó jẹ́ iṣẹ́ baba ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà, á gbà tó ọdún 3 sí 5 kó tó so. Ẹni tó bá ń lo ìsinmi rẹ̀ láti wá gbin kòkó nígbà tó ṣì kù ọdún márùn-ún kó fẹ̀yìntì, oko tó ti ń so ni yóò bá nílé. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ iná tàbí mẹkáníìkì ní bárékè kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó lọ ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kó lè ní ìwé ẹ̀rí tí àwọn agbanisíṣẹ́ láàárín aráàlú mọ̀.

Ọ̀nà méjì ni owó ìfẹ̀yìntì ń gbà wọlé, Àjọ Military Pensions Board l'Ábújá ló sì ń san án. Ẹni tó bá lo iye ọdún tí òfin là sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí gratuity, ìyẹn owó gọbọi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ á tún máa gba pẹ́ńṣàn lóṣooṣù. Ètò dídá owó jọ fún ìfẹ̀yìntì tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 2004 kan àwọn ológun tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún 2011. Láti inú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ tààrà ni owó wọn ti ń wá báyìí. Bí ìjọba bá fi falẹ̀, àwọn ni yóò dúró. Abala 173 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣàn wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojú àánú.

Ohun tó ń dá owó yìí dúró jù ni orúkọ. Orúkọ inú ìwé ológun gbọ́dọ̀ bá ti BVN àti NIN mu. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ó di kí ó lọ búra ní kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ajogún: ẹni tó wọṣẹ́ ní àpọ́n á ti kọ orúkọ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá pa á dà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyàwó àti ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sún síwájú rárá.

Nílé, ìkíni káàbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ owó ni wọ́n jọ ń wọlé. Ará ilé gbà pé owó sójà kì í tán. Ẹni tó bá sì fi gratuity ṣí ṣọ́ọ̀bù yóò bá àwìn pàdé. Àwọn baba wa òṣómàáàló ta aṣọ láwìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti gbèsè títí owó á fi jáde. Sójà tó ti lo ogún ọdún níbi tí wọ́n ti ń pa àṣẹ kò mọ èyí, ó sì yẹ kó kọ́ ọ lọ́wọ́ oníṣòwò kó tó náwó. Bí ó bá fẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí ni yóò lọ bá, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá àgbà ló jẹ́ ní bárékè.

Oorun tún wà níbẹ̀. Ìbọn ọdẹ níbi òkú àgbà, tàbí nọ́ọ̀kì-áòtù nínú oṣù Kejìlá, lè mú ọkàn ẹni padà sójú ogun. Àìsùn, ìbínú òjijì àti ọtí àmujù kì í ṣe àìdára ìwà, kì í sì í ṣe àṣírí tó yẹ kí ilé bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ ní Wesley Guild, ẹ̀ka ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAUTHC) tó wà ní Iléṣà níhìn-ín.

Nigerian Legion ni ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ wọ́n sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, tí wọ́n máa ń yan bí ológun. Iṣẹ́ wọn ju ìyẹn lọ. Bí Abújá bá pe àyẹ̀wò àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn, ọ̀dọ̀ wọn ni ìròyìn ti ń tètè dé, wọ́n sì mọ ìwé tí opó sójà yóò kó dání. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kó sì mú ìyàwó rẹ̀ dání lọ́jọ́ náà.